Ilé Tí Òkété Kọ́ fún Ìyá Rẹ̀

Àlọ́ mi dé o, ẹ̀yin ọmọ! "Kó máa bọ̀!" Ó bọ́ sọ́dọ̀ Òkété, tó ń fi amọ̀ kọ́lé fún ìyá rẹ̀ arúgbó nítorí otútù ọyẹ́.

Nígbà tó mọ ìpele kìíní, Ọ̀kẹ́rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ké láti orí igi: "Òkété, ṣé ọmọọmọ rẹ ni yóò parí ẹ̀?"

Ojú tì í, ó gbé ìpele kejì lé amọ̀ tútù. Ìyá rẹ̀ kọrin. Ẹ gbè é!

Òkété, ọmọ mi,
Jẹ́ ó gbẹ.
Màá fara da ọyẹ́,
Jẹ́ ó gbẹ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ tún rẹ́rìn-ín. Òkété gbé ìpele kẹta lé e, ó ní, "Ìyá mi, ẹ wọlé. Mo ti dá iná ńlá. Yóò mú ara yín yá, yóò sì mú ògiri gbẹ."

Ìyá wọlé, kó má baà dójú ti ọmọ rẹ̀. Òkété lọ ṣẹ́gi sí i. Inú ògiri gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù. Ó lanu, ó wó pa ìyá, ó sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀sín kì í pani. Ìbẹ̀rù ẹ̀sín ló ń pani.

Títí dòní, bí ẹ bá rí ihò Òkété lóko, ẹ má bú u. Ìyá rẹ̀ ló ń gbẹ́lẹ̀ wá kiri.