Ìkòkò Tábà Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Dúdú

Ọkùnrin gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Bí ó bá jókòó láàárín ẹgbẹ́, yóò máa fi èékánná họ etí àga tó jókòó lé. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ yí ọmọrí àwo sọ́tùn-ún sósì, kó lè mọ̀ bóyá ó bá àwo mu. Odó tó bá gbẹ́ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹni tó ni ín a ti dé, a ti kí i tán, a ti jókòó, òun a ṣì máa fá a. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ni kò gbà.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá náà ti darúgbó, eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, kò sì sí ohun tó tún fẹ́ nínú ayé ju ìkòkò tábà rẹ̀ lọ. Ìkòkò amọ̀ ni, amọ̀kòkò kan ló mọ ọ́n fún un nígbà tó ṣì ń pọnmọ. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọrùn lékeléke. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìyá a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ki tábà sí i, a fi ẹyin iná kan lé e lórí, a sì máa fà á díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, àsìkò yẹn nìkan ni ara rẹ̀ máa ń balẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìkòkò náà yọ̀ bọ́ lórí itan rẹ̀, ó já lu ọlọ, ó fọ́ sí mẹ́ta. Amọ̀kòkò tó mọ ọ́n ti kú, kò sì sí ẹni tó ń mọ irú rẹ̀ mọ́ ní agbègbè náà. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá kò ti lè jókòó. A jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a tún padà wọlé. A fi ọwọ́ tọ́ itan rẹ̀ wò níbi tí ìkòkò máa ń wà. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, a bu òkèlè mẹ́ta, a ní òun ti yó. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa pé, egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọmọ rẹ̀ pé àìbalẹ̀ ara yìí ni yóò mú ìyá òun lọ.

Ó ní òun yóò fi igi gbẹ́ irú ìkòkò náà gan-an.

Gbòǹgbò igi ọsàn kan wà lẹ́yìn ilé. Bàbá rẹ̀ ló gbin igi ọ̀hún. Igi ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ gbẹ sínú ilẹ̀, ó le bí egungun, kò sì sí irú rẹ̀ nítòsí mọ́. Ó hú u, ó gé e sí méjì. Èyí tó gùn tó sì tọ́, ó mú un. Èyí tó kúrú tó ní kókó lára, ó jù ú sáàárín igi ìdáná.

Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó to àfọ́kù ìkòkò amọ̀ sórí rẹ̀, ó ń fi òwú wọ̀n wọ́n. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò kánjú sọ igi di tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí igi tó bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ kí a tó dá ihò sí i, lílà ni yóò là. Ó jẹ́ kí igi nípọn síbẹ̀, ó ki okùn irin bọ iná títí ó fi pọ́n, ó fi í jó ihò wọlé láti òkè, ó tún jó o láti ìsàlẹ̀, títí ihò méjèèjì fi pàdé láàárín. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ inú àti ara rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ fá a, ó fi àfọ́kù ìgò họ ọ́, ó fi ewé ìpín bó o títí ó fi ń dán, ó fi àdín pa á.

Alágbẹ̀dẹ tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà yà wá wò ó. Ó gbé ìkòkò náà sókè sí oòrùn, ó ní ṣé ìkòkò tábà nìyí àbí egungun ẹja, pé kí wọ́n kìlọ̀ fún ìyá kó má lọ gbé e mì. Gbẹ́nàgbẹ́nà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti fi òwú wọ̀n ọ́n, ó sì ti rí i pé ti igi ṣì fi díẹ̀ nípọn ju ti amọ̀ lọ. Ó gba ìkòkò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó tún mú ọ̀bẹ.

Ìyá ń wò ó láti ibi tó wà. Ó ní, “Ọmọ mi, amọ̀ ti la iná kọjá kí ó tó dé ẹnu mi. Ní ti igi, ẹnu mi ni yóò ti pàdé iná. Jẹ́ kó ní ara díẹ̀.”

Ọmọ ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Bíi ti àtijọ́ gan-an ni yóò rí.”

Ó sì rí bíi ti àtijọ́. Lọ́jọ́ tó gbé e fún ìyá, ìyá jẹun tán, ó ki tábà, ó fà á, ó sì sùn lọ lórí ìjókòó pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́. Ara gbogbo ilé rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀ ni, à bá kí i pé ọmọ dáadáa ni.

Lọ́jọ́ kẹta, ó yọjú wo inú ìkòkò, ó rí i pé ó ti ń dúdú. Inú tó pọ́n dáadáa nígbà tó gbé e kalẹ̀ ti ń di èédú. Ó dùn ún bí ẹni rí egbò lójú ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ìyá ń jẹun, ó mú un, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fá inú rẹ̀ títí igi fi tún pọ́n, ó fi àdín nù ún, ó sì dá a padà síbi tó wà.

Ìyá fi í sẹ́nu, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó yọ ọ́. Ó béèrè ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò òun. Ọmọ ní òun ni, ó ti dọ̀tí. Ìyá ní kì í ṣe ìdọ̀tí, pé ìkòkò onígi ni bàbá òun fi mu tábà títí ó fi kú. Ó ní, “Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó dúdú.”

Ọmọ ní òun ti gbọ́, kò sì purọ́. Ó fẹ́ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ní kí òun kàn wò ó. Ó wò ó tán, ó ní kí òun kàn gé ti etí ẹnu rẹ̀ kúrò. Nígbà mìíràn, yóò gbọ́ tí ìyá ń wúkọ́, yóò ní èédú yẹn ni. Nígbà mìíràn, yóò gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, yóò ní kí ni àlejò yóò sọ nípa iṣẹ́ ọwọ́ òun. Kò sí ọjọ́ tí kò rí ìdí kan. Má rò pé kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀ o. Ìfẹ́ gan-an ló ń ti ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń gbẹ́ odó lágbàlá, ó gbọ́ tí nǹkan kan já lulẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó sáré wọlé. Ìyá na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, iná ti bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti jó lójú kan, ìkòkò wà nílẹ̀. Iná ti jó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ já. Nígbà tí ọmọ gbé e sókè, ó rí ìmọ́lẹ̀ láti inú ihò náà, ó sì rí i pé ara ìkòkò kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ.

Ìyá kò pariwo. Ó béèrè pé, “Ẹ̀ẹ̀melòó ni o ti ki ọ̀bẹ bọ inú rẹ̀?”

Ọmọ ní òun kò kà á.

Ìyá ní, “Lójoojúmọ́ ni iná ń dá ẹ̀wù fún un. Lójoojúmọ́ ni ìwọ ń bọ́ ọ. Ìhòòhò ló fi kojú iná.”

Àìjókòó ìyá tún bẹ̀rẹ̀, ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà wá igi káàkiri. Èyí tó bá gbẹ́ a là. Èyí tí kò bá là, tábà inú rẹ̀ a korò. Ìyá fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ tó fi aṣọ wé lọ tú ìdí igi ìdáná, tó fa gbòǹgbò ọsàn tó ní kókó yọ, tó sì gbé e ka ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Ọmọ ní, “Ìyá, èyí ní kókó. Kò lè tẹ́ẹ́rẹ́.”

Ìyá ní, “Èmi kò ní kó tẹ́ẹ́rẹ́.”

Ìyá jókòó tì í. Ọmọ dá ihò sí i, ó gbẹ́ ara rẹ̀ díẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń na ọwọ́ sí ewé ìpín ni ìyá na tirẹ̀ síwájú. “Ó tó. Gbé e wá.” Ìkòkò náà kúrú, ó nípọn, ojú ọ̀bẹ ṣì wà lára rẹ̀. Ìyá kò gbé e sílẹ̀ mọ́. Bí ó bá fẹ́ jẹun, a dì í mọ́ etí ìró rẹ̀. Bí ó bá rí ojú ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, a fi ọwọ́ bò ó, a rẹ́rìn-ín, a ní, “Alápatà kì í bá ewúrẹ́ mi ṣeré.” Ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà a máa yún un. Yóò dìde, yóò lọ wá odó kan fá.

Ìyá lo ọdún mẹ́ta sí i, ó sì jókòó dáadáa ní gbogbo ọ̀sán rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, wọ́n kó aṣọ rẹ̀ jáde, ọmọ rí ìkòkò náà nínú kókó etí ìró. Ó wo inú rẹ̀. Ó dúdú yíká, ó nípọn, ó dọ́gba, bí ẹni pé amọ̀kòkò ló fi ọwọ́ rẹ́ ẹ. Ó fi èékánná kàn án. Ó dún bí amọ̀.

Ọ̀bẹ wà ní ìbàdí rẹ̀. Kò yọ ọ́.

Àlàó ọmọ mi, ìwọ ni mo tìtorí rẹ̀ pa àkàwé yìí. Ó ti di ọdún kan ààbọ̀ tí o gbé ìyàwó wálé. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín, ìyàwó rẹ ká aṣọ, o tú u, o tún ká a. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan níwájú àlejò, o dúró kí àlejò lọ tán, o tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un. Ìjà kékeré tí ẹ ti parí, o tún gbé e padà wá kí o lè fá ìyókù rẹ̀ kúrò. O kì í lù ú, o kì í bú u. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi kò fi balẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń rẹ́rìn-ín sókè nígbà tí ẹ ń fẹ́ra, kó tó gbé àwo kalẹ̀ báyìí, a kọ́kọ́ wo ojú rẹ. Ara rẹ̀ ti ń di fẹ́lẹ́, Àlàó. Ọjọ́ tí iná gidi bá dé sáàárín yín, kí ni yóò fi gbà á?

Àwọn àṣìṣe kéékèèké tí ẹ jọ la kọjá, àwọn ọ̀rọ̀ tí kò bọ́ sí i tí o gbọ́ tí o sì gbójú fò, òun ni ẹ̀wù tí iná ń dá fún yín. Má bọ́ ọ mọ́. Fi ọ̀bẹ náà sílẹ̀, kí o sì jókòó ti ìyàwó rẹ.