Aṣọ Ìkómọ Tí Ìbídùn Ya Nítorí Ẹ́ńjìnnì Àgbà

Irin tó ti darúgbó kì í fi omi fẹ́lẹ́ gbé ẹ̀mí ró. Eegun àgbà kì í bá òtútù ṣeré. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sọ fún Ìbídùn ará Òkè-Ìgbàrò, nígbà tí ẹ̀rù gba oorun lójú rẹ̀.

Kí ló ń bà á lẹ́rù? Mọ́rẹ̀nikẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló lóyún. Nọ́ọ̀sì ti wí pé ọmọ inú rẹ̀ dábùú, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ̀bí rẹ̀ nílé. Bí ìrọbí bá ti dé, ọsibítù tó wà lẹ́yìn òkè ni kí wọ́n máa gbé e lọ. Ọ̀nà òkè náà rèé, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Ọkọ̀ méjì péré ló sì wà ní agboolé wọn. Baba wọn tó jẹ́ awakọ̀ ló fi wọ́n sílẹ̀ kó tó kú, ọ̀kan fún Ìbídùn, ọ̀kan fún Ọ̀jẹ́níyì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọjọ́ orí kan náà ni àwọn ọkọ̀ náà. Ti Ìbídùn ti ń rú èéfín aláwọ̀ aró, bó bá sì ti kojú òkè, iná pupa ọ́ìlì a máa ṣẹ́jú sí i.

Ó wa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ògúnyọmí, àwòrò Ògún fún àwọn mẹkáníìkì. Obìnrin yìí kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì láì kọ́kọ́ béèrè. Ọ́ìlì inú ọkọ̀ ló fi ń béèrè: yóò kán an sórí aṣọ funfun, yóò sì wo bó ṣe tàn.

“Ìyá, ẹ bá mi wò ó. Àyà mi ń já.”

“Aṣọ funfun dà?”

“Ṣé àkísà ò tó, Ìyá?”

“Àkísà ti bá ìdọ̀tí gbé pẹ́ jù, kì í tú u fó. Mú èyí tó dùn ọ́ wá.”

Aṣọ funfun kan ṣoṣo ni Ìbídùn ní. Òun ló fi kó Mọ́rẹ̀nikẹ́ jáde, tó sì tún tọ́jú pa mọ́ de ọmọ tó ń bọ̀. Ó ya etí rẹ̀. Àwòrò fa gééjì yọ, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, ó kán ọ́ìlì sórí etí aṣọ náà. Àárín rẹ̀ dúdú bí ẹyinjú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sá lọ bí omi. Ìyá gbójú sókè.

“Ta ló ní kí o fún un ní èyí mu?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n ní òun ni gbogbo ọkọ̀ ayé òde òní ń mu.”

“Ṣé ọkọ̀ ayé òde òní ni tìrẹ? Irin inú rẹ̀ ti jẹ ara wọn, àlàfo ti là láàárín wọn. Ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ ń gba ibẹ̀ sá lọ, irin wá ń ha irin. Ìbídùn, mo rí òkè. Mo rí ẹni tó ń ké nínú ọkọ̀ tó ti dákẹ́.”

Ìbídùn fọwọ́ bo ẹnu.

“Ẹbọ ni kí o rú. Da èyí nù pátá, má ṣẹ́ ẹ̀kán kù. Èyí tó ki ni kí o rà, tí wọ́n kọ ogún àti àádọ́ta sí lára agolo rẹ̀. Má pò ó mọ́ òmíràn. Láràárọ̀, kí o tó bọ́jú, fa gééjì, fi aṣọ yìí nù ún, kí o wò ó. Bó bá lọ sílẹ̀, bù ú kún un. Lórí òkè, má sáré. Kí o sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pẹ̀lú, nítorí ìbejì ni ọkọ̀ yín.”

Ìbídùn rú u bí wọ́n ti wí. Ó wá lọ jẹ́ iṣẹ́ fún Ọ̀jẹ́níyì. Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà dé ilẹ̀.

“Ẹ wá wo obìnrin tó ń fi aṣọ ọmọ nu ẹ́ńjìnnì! Ṣé ọkọ̀ náà ló fẹ́ bímọ ni? Ọ́ìlì tó ki bí ẹ̀kọ yẹn, lọ fi jẹ mọ́ín-mọ́ín. Tèmi ń sáré bí ẹtu.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìrọbí dé. Kùrukùru ti bo orí òkè. Ọ̀jẹ́níyì ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀.

“Gbé e wọ tèmi jàre! Àbí o fẹ́ kó bí i sójú ọ̀nà?”

Ní agboolé náà, olórí ilé ló máa ń gbé aboyún tó ń rọbí jáde. Ìbídùn kò lè bá a jiyàn. Ó ń wo ọmọ rẹ̀ bó ti ń wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ó sì tẹ̀ lé wọn nínú tirẹ̀. Láìpẹ́, kùrukùru gbé iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mì.

Ó ń gun òkè lọ ní jẹ́jẹ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára iná pupa. Kò ṣẹ́jú. Àmọ́ òórùn nǹkan tó ń jóná gba ojú fèrèsé wọlé, lẹ́yìn náà ló gbọ́ igbe. Ohùn Mọ́rẹ̀nikẹ́ ni.

Ọkọ̀ Ọ̀jẹ́níyì ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ wà létí ọ̀gbun. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi tẹ bíréèkì, kò lè sọ̀ kalẹ̀.

“Àbúrò mi, ó ti nọ́ọ̀kì, ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́! Iná pupa yẹn ti ń tàn láti ìsàlẹ̀, mo ní ká sáà máa sáré lọ ni. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Má jẹ́ a ṣubú!”

Ìbídùn yí òkúta sẹ́yìn táyà. Ó yí òmíràn tì í, Ọ̀jẹ́níyì sì sọ̀ kalẹ̀. Ìbídùn fa ọmọ rẹ̀ jáde, ó gbé e sínú ọkọ̀ tirẹ̀.

“Màámi, ṣé èyí á gùn ún?”

Ìbídùn gbá etí aṣọ tó fi ń nu gééjì, tó so mọ́ ọwọ́ ìtọ́kọ̀, mú, ó ṣáná sí ọkọ̀. Ọkọ̀ àgbà náà kérora, ó mì, ó sún. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gùn ún, títí wọ́n fi rí iná ọsibítù nísàlẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde láàyè. Aṣọ funfun tí etí rẹ̀ ti ya ni wọ́n fi wé e.

Ọkọ̀ Ọ̀jẹ́níyì kò jí mọ́. Wọ́n wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ògúnyọmí, Ọ̀jẹ́níyì fúnra rẹ̀ sì gbé odindi aṣọ funfun dání, tuntun láti ọjà.

“Ìyá, mo ti mú un wá. Ẹ bá mi wò ó.”

Àwòrò fa gééjì yọ. Ó ti gbẹ, ó ti jóná.

“Aṣọ rẹ mọ́,” ó ní. “Kí la ó wá kán sí i?”

Báyìí ni Ìbídùn tó gbọ́ ẹbọ ṣe ń pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jó, tí Ọ̀jẹ́níyì tó fi ẹbọ rẹ́rìn-ín sì ń fẹsẹ̀ gun òkè.