Ààlè tí Ìjàpá Pa sí Ìsun Omi

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi bọ́ sójú omi, ó bá Ìjàpá níbẹ̀. Àjàgbé, kó ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹní. Ti alẹ́ òní kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá nílùú àwọn ẹranko. Odò gbẹ, kànga gbẹ. Ìsun omi kan ṣoṣo ló kù lẹ́sẹ̀ òkè. Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn ló ń mu ún.

Ìjàpá jí ní kùtùkùtù. Ó so àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo àti ìkarahun ìgbín mọ́ igi, ó gún igi náà mọ́lẹ̀ létí ìsun. Ààlè ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a bá rí ààlè lóko, a kì í fọwọ́ kan nǹkan olóko.

Nígbà tí àwọn ẹranko dé, Erin ló kọ́kọ́ fà sẹ́yìn.

"Ta ló pa ààlè yìí?"

"Èmi ni," Ìjàpá dáhùn. "Ẹni tó bá fẹ́ mu omi, kó gbé oúnjẹ wá fún mi. Ẹni tó bá kọjá ààlè láìgbàṣẹ, wíwú ni yóò wú, yóò sì bẹ́."

Wọ́n wo ara wọn lójú. Wọ́n ní a kì í pa ààlè sí ohun tí kì í ṣe tẹni, nítorí náà Ìjàpá ló ni omi. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n àwọn àgbà! Kìnnìún alára ń ru iṣu wá, Erin ń ru ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àká Ìjàpá kún, ẹnu rẹ̀ kò dilẹ̀.

Ó wá kan Ẹtu, opó tó ní ọmọ kan péré. Oúnjẹ ti tán nílé rẹ̀. Ó gbé ọmọ náà wá, ètè ọmọ ti bó.

"Ìjàpá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú mi. Omi ẹnu kan péré ni."

"Lọ wá nǹkan wá."

Ẹtu yíjú sí Erin. "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ń wó ìrókò, ẹ bá mi dá sí i."

Erin wolẹ̀. "Ìyá ọmọ, mi ò lè bá ààlè jà."

Ẹtu tẹ́ ọmọ sílẹ̀ lábẹ́ igi, ó sáré lọ wa iṣu nínú igbó. Nígbà tó fi máa padà dé, ọmọ ti kú. Ó ń dùn mí bí mo ti ń sọ ọ́ yìí.

Ẹtu kò ké. Ó fa ààlè tu, ó gbé òkú ọmọ rẹ̀, ó wọ inú omi lọ.

"Á wú o! Ẹ sá!" Ìjàpá ń pariwo.

Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò ó. Kò wú. Ó rọra ń wẹ ọmọ rẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n kọjú sí Ìjàpá. Wọ́n lé e kúrò nílùú, wọ́n sì pín ohun tó wà nínú àká rẹ̀. Erin bu omi, ó gbé e fún Ẹtu pé kó mu.

Ẹtu wò ó. Ó ní, "Bàbá, ta ni kí n gbé e fún?"

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ gbé e relé. Ìjàpá kò lágbára kankan. Ìbẹ̀rù àwọn tó lágbára jù ú lọ ló fi jọba. Bí ẹnìkan bá dìde tó ní òun ló ni omi yín, ẹ bi í pé ta ló fún un. Ẹ sì tètè bi í o, nígbà tí ọmọ ṣì wà láàyè.