Awò Tó Dorí Ọ̀tún Kodò

Ẹni máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ bi Baálẹ̀ wa wò.

Baálẹ̀ fẹ́ ra awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, kékeré tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ máa gbà. Oníṣòwò kan gbé ọ̀kan wá tí kò gùn ju ọmọ odó lọ. Ọ̀sán ni, nítorí náà Baálẹ̀ fi í wo ojú títì. Ó rí Ọ̀tún, igbákejì rẹ̀, tó ń bọ̀.

"Yéè! Orí ni Ọ̀tún fi ń rìn, fìlà rẹ̀ ò sì jábọ́!"

Oníṣòwò rẹ́rìn-ín. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, bàbá. Ìràwọ̀ ò ṣáà lórí, kò lẹ́sẹ̀."

"Gbé e kúrò! Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú rẹ̀ á dà bí alángbá tó lẹ̀ mọ́ àjà. Àbùkù ńlá!"

Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó ra awò náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí òṣùpá yọ ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó kúnlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kanlẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó kan awò.

"Ẹ wá wo nǹkan! Ojú òṣùpá kún fún ihò bí àkàrà!"

Ara Baálẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó lóṣòó, kò rí nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀, ikùn ò jẹ́ kó tẹ̀.

"Àfi kí ẹ dọ̀bálẹ̀, Baálẹ̀ mi."

Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ó sì nà gbalaja síwájú ìyàwó rẹ̀. Àfi bí Ọ̀tún ṣe yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé.

"Baálẹ̀! Ta lẹ ń kí?"

Baálẹ̀ kò gbójú kúrò lára awò.

"Òṣùpá ni. Ìwọ náà tètè wá dọ̀bálẹ̀!"