Ìkarahun Tí Wọ́n Jù Kí Wọ́n Tó Fẹnu Kò

Àlọ́ o!
Àlọ̀ o!
Àlọ́ mi rìn gbẹrẹgbẹrẹ, ó gba etí ihò omi kọjá, ó jókòó ti Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyí: Erin, olórí wọn, Ehoro àti ìyàwó rẹ̀, Òkéré àti ìyàwó rẹ̀, Ìjàpá àti Yánníbo. Ìgbín náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìkarahun rẹ̀ nìkan ló kù.

Ọ̀dá dá. Gbogbo odò gbẹ, ó ku omi inú ihò àpáta kan. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lè bọ̀, ó sì lè má bọ̀, nítorí òkúta a máa ya lulẹ̀. Àwọn ìyàwó ló ń pọnmi. Ìkarahun ìgbín ni wọ́n fi ń ṣẹ́ kèké láàrin obìnrin méjì: ó lè dojú bolẹ̀, ó lè ṣíjú sókè. Láyé àwọn baba wọn, wọ́n á kọ́kọ́ fẹnu kò sí ojú tó jẹ́ ti olúkúlùkù. Ìjàpá ní ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò.

"Ẹ jẹ́ kó balẹ̀ ná. Bó bá balẹ̀, èmi yóò túmọ̀ rẹ̀."

Ó kan Yánníbo àti ìyàwó Ehoro. Ìkarahun ṣíjú sókè.

"Ẹ ò rí i bó ṣe lanu? Ìyàwó Ehoro ló ń pè."

Ká ní ó dojú bolẹ̀, ìyàwó Ehoro náà ni Ìjàpá ì bá dárúkọ. Obìnrin náà lọ. Kò bọ̀.

Ó wá kan Yánníbo àti ìyàwó Òkéré. Ìkarahun dojú bolẹ̀. Kí Ìjàpá tó lanu, Òkéré ti fò dìde.

"Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ rìbìtì bí ti ará ilé Ìjàpá! Yánníbo ni!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ehoro ní, "Ta ló sọ ti ìyàwó mi, Alábahun?"

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀. "Bàbá wa Erin, ẹ jẹ́ ká tún un jù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò."

Erin ní, "Èyí tó ti balẹ̀ ńkọ́? Ìwọ lo kọ́ wa pé kó balẹ̀ ná."

Yánníbo gbé ìkòkò. "Baálé mi, iṣu wà nínú iná. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jóná."

Ìjàpá jókòó sí etí ihò. Ó gbọ́ nígbà tí òkúta ya. Iṣu jóná.

Ibí ni àlọ́ mi sọ ẹrù kalẹ̀. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí omi há mi lọ́fun. Ìdí nìyí tí Ìjàpá fi ń na ọrùn sínú gbogbo ihò tó bá rí. Ìdí nìyí náà tí a fi ń fẹnu kò kí a tó ṣẹ́ kèké: ìkarahun kò mọ ẹnikẹ́ni, àwa la fún un lẹ́nu.

Awẹ́ní, ìwọ àti àbúrò rẹ ń jà nítorí orí ẹja yẹn. Mú ìkarahun wá. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ ojú tó jẹ́ tìrẹ, sọ ọ́ sókè kí gbogbo wa gbọ́, kí o tó jù ú.