Télọ̀ Tó Gé Aṣọ Láìwọn Èèyàn

Ọkùnrin kan wà ní Ìkìrun tó ń rán aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ dára débi pé bí ó bá rán agbádá fún ọ, o ò ní fẹ́ jókòó, kí ó má baà rún. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ṣíwájú lọ sí ìlú òyìnbó pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn kékeré. Ó ku òun. Gbogbo ìwé rẹ̀ ti pé, àfi ohun kan: ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì kí oṣù Kẹta tó parí. Ọmọ náà kò tíì máa rìn nígbà tí wọ́n lọ. Ní báyìí, ó ti ń sáré, ṣùgbọ́n inú fóònù nìkan ni bàbá rẹ̀ ti ń rí i.

Ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ra ìwé kan tí wọ́n kọ ọgọ́rùn-ún ìdáhùn sí, ó sì kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ àkọ́sórí de ọjọ́ ìkórè. Bí o bá bá a nídìí ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa tẹ ẹ̀rọ, ẹnu rẹ̀ a máa ka ìdáhùn kẹtàdínlógójì. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó wọ kóòtù tí ó rán fúnra rẹ̀, ó wọlé ìdánwò.

Olùdánwò rẹ́rìn-ín sí i. "Ẹ káàbọ̀. Báwo lẹ ṣe dé ibí lónìí?"

Kò sí ìyẹn nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kejìlélógún sọ̀rọ̀ nípa ìrìn-àjò. Télọ̀ mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀: "Ìrìn-àjò afẹ́ jẹ́ òpó pàtàkì nínú ọrọ̀ ajé gbogbo àgbáyé…"

Olùdánwò ní sùúrù títí ó fi parí. "Ó dáa. Ṣé bọ́ọ̀sì lẹ wọ̀ ni?"

"Síbẹ̀síbẹ̀, ìrìn-àjò afẹ́ ní àléébù tirẹ̀…"

Ó fìdí rẹmi. Àǹfààní ẹyọ kan péré ló kù kí oṣù Kẹta tó parí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbé léèsì wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Télọ̀ ro ẹjọ́ fún un. Ó tilẹ̀ ka ìdáhùn kejìlélógún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ìyá lè rí i pé òun kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Ìyá gbọ́ ọ tán. Ó na léèsì sí i.

"Bá mi rán bùbá," ni ó wí.

Télọ̀ fa tépù kúrò lọ́rùn. "Ẹ dìde, mà, kí n wọ̀n yín."

"Má wọ̀n mí. Gé e."

"Mà?"

"Ṣé o ò tíì rán ọgọ́rùn-ún bùbá láyé rẹ ni? Èyí tó bá ṣáà ti wá sí ọ lọ́kàn nínú wọn, gé irú rẹ̀ fún mi."

"Ha, Màmá! Tí kò bá wá gba apá yín ńkọ́?"

"Ṣé kì í ṣe bùbá tó dáa ni?"

"Bùbá tó dáa ni, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn ni!"

Ìyá ń wò ó. Sísọ́ọ̀sì dúró lọ́wọ́ télọ̀. Ó wo léèsì, ó wo ìyá, ó tún wo léèsì.

"Yéè! Mo gé aṣọ fún olùdánwò láìwọ̀n ọ́n."

"O tún fẹ́ fi wọ̀ ọ́ tipátipá," ni ìyá wí. Ó dìde, ó na apá méjèèjì. "Ó yá, wọ̀n mí. Ní Gẹ̀ẹ́sì."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ń wọ̀n, ó ń sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe, ìyá ń bi í ní ìdí. Ojoojúmọ́ ni ìyá ń padà wá, títí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì fi ń béèrè pé, "Bùbá mélòó ni Màmá yìí fẹ́ wọ̀ gan-an?"

Ìdánwò kejì dé. Olùdánwò ní, "Ẹ sọ nǹkan kan tó ṣòro fún yín láti kọ́."

Ìdáhùn kọkànléláàádọ́ta, lórí bí a ṣe ń kọ́ odò wíwẹ̀, ti sáré dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó wá sọ bí òun ṣe rán ẹnu apá òsì agbádá ọkọ ìyàwó kan pa nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́. Ó kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, ó pa dà sẹ́yìn, ó tún un sọ.

Olùdánwò ti ń rẹ́rìn-ín. "Ọkọ ìyàwó wá ṣe é báwo?"

"Ọwọ́ kan ló fi kí gbogbo àlejò títí ilẹ̀ fi ṣú."

Ó yege. Ọjọ́ tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ọmọ tó ń sáré nínú fóònù sáré wá dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ìwọ tí o wá bá mi láàárọ̀ yìí pé kí n fún ọ ní ìdáhùn tó dáa fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì rẹ, torí tìrẹ ni mo ṣe sọ ìtàn yìí. N kò ní ìdáhùn kankan, torí n kò mọ ohun tí wọn yóò bi ọ́. Ẹni tó ń bi ọ́ ní ìbéèrè ti dìde, ó ti na apá. Wọ̀n ọ́n kí o tó gé. Bí o bá ṣì í rán díẹ̀, kò burú, a máa ń tú u. Pa ìwé tí o dì mọ́ àyà yẹn dé. Jókòó. Ní Gẹ̀ẹ́sì, sọ fún mi: báwo lo ṣe dé ibí lónìí?