Mọ́tò Igi Tí Ọnàdélé Ṣe fún Dúrójayé

Kò sí igi tó ń ba Ọnàdélé gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́rù. Ẹni kan ṣoṣo tó ń dà á láàmú láyé ni Dúrójayé, ọmọ Ìbídùn ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn nígbà tó lọ sí oko òwò. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti rí ọkọ̀ agégẹdú tó kọjá lẹ́yìn ilé, kò jẹ́ kí bàbá àgbà gbádùn mọ́. Bó jí, mọ́tò. Bó jẹun tán, mọ́tò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òwe tí mò ń bọ̀ wá pa yìí dàgbà ju mọ́tò lọ, kó lọ sọ tirẹ̀ nílé tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí.

Àwọn tí wọ́n bí ṣáájú Dúrójayé kò dúró, ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọkàn Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọnàdélé, kì í balẹ̀ lórí ọmọ yìí. Bí ọmọ sín, ìyá àgbà ti dìde. Bí ọmọ dákẹ́, ó tún ti dìde. Ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àpótí tí Àwẹ̀ró ń jókòó lé kì í gbóná láéláé.

Nígbà tó yá, Ọnàdélé gbà. Ó rẹ́ pákó fún ara ọkọ̀, ó gé ẹ̀ka igi róbótó fún táyà, ó fi irin gbígbóná lu ihò sí àárín wọn kí wọ́n lè máa yí geere. Kí ọmọ má baà máa rá nílẹ̀ tì í kiri, ó wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan, ó ki ìdí rẹ̀ tó nípọn bọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Orí rẹ̀ ló fá tó mú ṣóńṣó, tó fi òróró pa, nítorí ẹwà lásán. Ó ní kí Dúrójayé dúró ṣánṣán, ó fi igi náà wọ̀n ọ́n, ó mọ ní àyà rẹ̀. Ó ní ó bá a mu wẹ́kú.

Ni ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí àgbàlá ká. Àwẹ̀ró tó ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi máńgòrò lódìkejì rí i, àyà rẹ̀ já. Kò mọ ohun tó fà á. Ó dìde, ó lọ bá ọmọ náà, ó fọwọ́ mi táyà, ó yẹ ìdí ìṣó wò, kò rí àbùkù kankan. Ó padà lọ jókòó. Àyà rẹ̀ tún já, ó tún lọ. Àwọn ará ilé ń rẹ́rìn-ín. Ọnàdélé ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, inú ń bí i, torí lójú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ òun ni ìyàwó òun ń fura sí. Ó bi í léèrè ohun tó rí. Àwẹ̀ró ní bí òun bá dúró tì í, òun kì í rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí òun bá ti padà sí ìjókòó òun, ara òun kì í gbà á.

Nígbà tó tún padà jókòó, ó gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọmọ náà. Ó pe ọkọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó síbi tí mo jókòó sí. Ẹ má sún mọ́ mọ́tò yẹn. Ibí ni kí ẹ ti wò ó."

"Ṣebí mo fi igi yẹn wọn ọmọ náà."

"Orí ìdúró lẹ ti wọ̀n ọ́n. Ẹ wò ó bó ṣe ń sáré."

Ọnàdélé pòṣé, ó jókòó. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kò tíì wò ó rí àfi kó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn nítòsí. Ìgbà yìí ló tó rí i pé ọmọ náà ò dúró ṣánṣán rárá. Ńṣe ló tẹ̀ síwájú tó ń wo táyà tó ń yí, tí ṣóńṣó igi sì wà ní ọ̀gangan ẹyinjú rẹ̀, tí àwọn méjèèjì jọ ń sáré lọ. Bí Ọnàdélé ṣe dìde ni táyà iwájú kọlu gbòǹgbò. Mọ́tò dúró gbọnin, ọmọ ò dúró.

"Dúrójayé!"

Ọmọ náà gbọ́ ohùn bàbá àgbà, ó yíjú. Igi náà gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kọjá, ó bó o lára dé ìdí etí.

Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó fi etí ìró nu ẹ̀jẹ̀, ó da ọwọ́ bo ojú kejì, ó ní kí ó fi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbẹ́ wo ẹni tó dúró síwájú rẹ̀. Dúrójayé ní bàbá àgbà ni, pé kí ló dé tí bàbá àgbà ń sunkún.

Ọnàdélé fa igi náà yọ, ó dá a sí méjì lórí orúnkún, ó so okùn mọ́ iwájú mọ́tò kí ọmọ máa fà á. Kò tún ṣe nǹkan ìṣeré fún ọmọdé mọ́ láìkọ́kọ́ lọ jókòó sórí àpótí Àwẹ̀ró kó ti ibẹ̀ wò ó. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un tí wọ́n fi ń sọ ọ́ títí dòní pé: igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.